Porsche 944 Turbo àtijọ́: èwo ni ká yàn nínú chip, turbo ńlá, ẹ́ńjìnnì lítà 3 àti V8?

Ọdún 1985 ni Porsche gbé 944 Turbo jáde, ilé iṣẹ́ Audi tó wà ní Neckarsulm, ní Jámánì, ni wọ́n sì ti ń tò ó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sìlíńdà mẹ́rin, lítà 2.5, ó ní agbára ẹṣin 220 àti agbára ìfà 330 Nm. Lọ́dún 1988 wọ́n ṣe Turbo S tó ní 250, nígbà tó sì di 1989, ẹ́ńjìnnì Turbo S yẹn ló wà nínú gbogbo 944 Turbo. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ tó lè sá tó kìlómítà 245 ní wákàtí kan kì í ṣe ohun kékeré. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí bàbá fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé lè bá a dọ́gba lójú títì. Abájọ tí ẹni tó bá ra ọ̀kan kì í fi í pẹ́ kó tó máa wádìí bó ṣe lè fi agbára kún un.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbà. Àwọn kan á fi chip tuntun sínú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì gbé boost, ìwọ̀n tí turbo fi ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, sókè díẹ̀. Àwọn mìíràn á yọ turbo, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Àwọn kan á sọ lítà 2.5 di lítà 3. Àwọn tó kù á yọ ẹ́ńjìnnì Porsche kúrò pátápátá, wọ́n á gbé V8 Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́jọ, síbẹ̀. Èrò tèmi kò fara sin: fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì tí gbogbo ayé ń gbà, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló tọ́. Bó bá sì fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó fo turbo ńlá kọjá, kó fowó náà lé lítà 3.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá agbára 220 tí ilé iṣẹ́ fún ọkọ̀ náà ṣì wà nínú rẹ̀. Aago boost wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, òun ló ń fi ìwọ̀n tí turbo fi ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì hàn. Aago yìí ń ka afẹ́fẹ́ ayé mọ́ ọn, nítorí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, nǹkan bíi 1 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn títẹ̀ afẹ́fẹ́) ló yẹ kó máa tọ́ka sí. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tí ojú ọ̀nà ti dá, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, ẹ wọ jíà kẹta, kí ẹ tẹ tọ́ọ̀tù dé ilẹ̀. Ó yẹ kí ọwọ́ aago náà gòkè dé nǹkan bíi 1.75, ìyẹn ni pé turbo fi 0.75 bar kún ti afẹ́fẹ́ ayé. Bó bá gùn dé 1.4 tó sì dúró síbẹ̀, ohun tí ẹ ti sanwó fún tẹ́lẹ̀ gan-an ni ẹ ò tíì rí lò.

Ohun tó sábà máa ń fà á kò wọ́n. Àwọn rọ́bà tín-ín-rín tó wà lábẹ́ mánífọ́ọ̀lù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì á ti gan, wọ́n á ti la, afẹ́fẹ́ á máa jò. Sípíríǹgì inú wastegate, fáàfù tó ń jẹ́ kí èéfín yà gba ẹ̀gbẹ́ turbo kọjá, á ti rẹ̀, á sì máa ṣí kí àkókò tó tó. Páìpù gígùn tó ń gbé èéfín sọdá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì lọ bá turbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì náà máa ń la. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á fi èéfín funfun sínú páìpù kó lè rí ibi tó ń gbà jáde. Ẹni tó bá tún gbogbo èyí ṣe máa ń rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì òun ni.

Ẹ bèèrè bẹ́líìtì táímìn pẹ̀lú. Bó bá já nínú ẹ́ńjìnnì yìí, fáàfù àti písìtìn á pàdé, gbogbo owó tí ẹ fi lélẹ̀ á sì di ti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ Porsche yìí dáadáa kì í jẹ́ kó kọjá ọdún mẹ́rin, bí ọkọ̀ náà ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Bẹ́líìtì kejì wà tó ń yí àwọn ọ̀pá tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì má gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, torí bí kékeré bá já, ó lè fa ńlá kúrò lójú ọ̀nà.

Bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù sìlíńdà kejì ni àìlera tí gbogbo ẹni tó mọ 944 mọ̀. Bí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ náà yí kọ́nà gígùn pẹ̀lú eré, bó ṣe máa ń rí ní pápá eré ìje, ọ́ìlì á ṣàn kúrò níbi tí pọ́m̀pù ti ń fà á, bíárìn yẹn ni ìyà sì kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí pápá, kó fi ìdènà ọ́ìlì sínú agbada ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kó tó ronú kan chip.

Kí ló yàtọ̀ láàárín ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà àti ká fi chip sí i

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní 0.75 bar, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé jẹ́ ìlọ́po 1.75 ti ayé. Bí a bá gbé boost dé 1 bar, ó di ìlọ́po 2. Ẹ fi 1.75 pín 2, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 220, ẹ óò rí nǹkan bí 251. Bí ẹ bá sì rántí pé èéfín tó jáde láìsí ìdíwọ́ máa ń fi díẹ̀ kún un, ẹ óò rí ìdí tí ọkọ̀ tó gba ọ̀nà yìí fi sábà máa ń wà láàárín 250 sí 270. Ìyẹn tó Turbo S, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ, láìṣí ẹ́ńjìnnì rárá.

Ohun tó ń mú kí èyí rọrùn ni pé ilé iṣẹ́ fi ọpọlọ méjì sínú ọkọ̀ náà. Àkọ́kọ́ ń ṣètò epo àti iná pùlọ́ọ̀gì. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní KLR, ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì nípasẹ̀ sensor kan tó wà lára búlọ́ọ̀kù. Bó bá gbọ́ pé epo ń gbiná fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà láìdúró de iná tí pùlọ́ọ̀gì tàn, á fa àkókò iná sẹ́yìn. Bí kò bá dáwọ́ dúró, á gé boost kúrò. Láyé 1985, iṣẹ́ àràmàǹdà nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra. Àwọn kan máa ń yọ fáàfù oníná tí KLR fi ń darí boost, wọ́n á fi fáàfù tí a ń fọwọ́ yí sípò rẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Boost á gòkè lóòótọ́, ó tiẹ̀ máa ń tètè gòkè. Àmọ́ KLR kò ní lè gé e mọ́ nígbà tí ewu bá dé. Ó kù kó máa fa iná pùlọ́ọ̀gì sẹ́yìn nìkan. Bí epo yín kò bá dára lọ́jọ́ kan, tàbí tí injector kan, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, bá dí, gásíkẹ́ẹ̀tì orí sìlíńdà ló kọ́kọ́ ń lọ, písìtìn ló sì tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé èmi ni, mo máa san owó tó lé láti ra ètò tó jẹ́ kí KLR ṣì lè dín boost kù fúnra rẹ̀.

Ẹ tún rí i dájú pé chip tí ẹ rà bá injector àti ìwọ̀n titẹ epo tó wà nínú ọkọ̀ yín mu. Chip tí wọ́n kọ fún 3 bar kò ṣeé fi sínú ọkọ̀ tó ṣì ń lo 2.5 bar ti ilé iṣẹ́. Epo á kéré, ooru á pọ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ohunkóhun títí ọjọ́ tí nǹkan á fi bàjẹ́. Sensor tó ń ka ìdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ nínú páìpù èéfín ni owó tó dára jù tí ẹ lè ná lórí ọ̀nà yìí.

Turbo ńlá àti lítà 3: níbi tí ọ̀rọ̀ ti di iyàn

Turbo K26/6 ni ọkọ̀ 220 ń lò, Turbo S ń lo K26/8. Ẹni tó bá kàn fi K26/8 sí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì jìnnà, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa jí ní àkókò tó bójú mu. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí èèyàn bá lọ gbé K27 tàbí turbo òde òní tó gbòòrò, tó ń wá 330 tàbí 350. Èéfín ló ń yí turbo. Lítà 2.5 tó ní fáàfù mẹ́jọ kò ní èéfín tó pọ̀ nígbà tí kò tíì yípo dáadáa, bíi pé wọ́n gbé ẹwìrì àgbà alágbẹ̀dẹ fún ọmọdé: apá rẹ̀ ò tíì ká a. Ẹ óò tẹ tọ́ọ̀tù, ẹ óò dúró, ẹ óò tún dúró. Nígbà tó bá fi máa kọjá 4,000 yípo ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo agbára á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú pupa aago yípo, tó wà ní 6,500, ò jìnnà mọ́. Ibi tí agbára wà kò gùn.

Lórí pápá eré ìje, níbi tí ẹ́ńjìnnì kì í ti í sọ̀kalẹ̀ kúrò lókè, ìyẹn lè má dààmú ẹnikẹ́ni. Lórí M25, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká, tàbí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Houston, ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ dà bíi pé ó lọ́ra ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní gbà, torí ìwé tí dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, tẹ̀ jáde fi 340 hàn. Àmọ́ 340 yẹn, orí òkè nìkan ló wà.

Turbo ńlá kò sì dá wá. Mítà afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ ní ilẹ̀kùn kékeré kan tí afẹ́fẹ́ ń tì ṣí. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà bá ti ṣí tán, brain box kò lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ṣì ń pọ̀ sí i, ilẹ̀kùn yẹn fúnra rẹ̀ sì ń dí ọ̀nà. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n fi mítà òde òní sí i. Injector á tóbi, pọ́m̀pù epo á lágbára sí i, gásíkẹ́ẹ̀tì orí sìlíńdà á di èyí tí òrùka iná rẹ̀ fẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ní rọ́bà láàárín á já bí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àròpọ̀ owó gbogbo èyí, ẹ óò rí i pé kò jìnnà púpọ̀ sí owó ṣíṣí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wá wo ọ̀nà kẹta, lítà 3. Lọ́dún 1989 Porsche fúnra wọn mú 944 S2 jáde, lítà 3 tí kò ní turbo. Ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 104, kíráńkì rẹ̀ sì ń ti písìtìn rin mílímítà 88, nígbà tí ti 944 Turbo jẹ́ 100 àti 78.9. Ẹni tó bá gbé kíráńkì S2 sínú búlọ́ọ̀kù Turbo máa ní nǹkan bíi lítà 2.8. Ẹni tó bá lo búlọ́ọ̀kù S2 tàbí ti Porsche 968 máa ní lítà 3 gan-an. Porsche alára gba ọ̀nà yìí: ní 1993 wọ́n ṣe 968 Turbo S, lítà 3, pẹ̀lú orí sìlíńdà fáàfù mẹ́jọ. Agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 305. Agbára ìfà rẹ̀ sì dé 500 Nm nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní 3,000 yípo péré. Ẹ fi ìyẹn wé 330 Nm tí 944 Turbo ní ní 3,500. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín máa mọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá 270 fo turbo ńlá kọjá. Lítà tó pọ̀ sí i ń mú èéfín wá láti ìsàlẹ̀, turbo tí kò tóbi kọjá ààlà sì ń tètè jí. Tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa, 350 sí 400 kò nira fún un, kò sì ní máa sún mọ́ ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ bíi lítà 2.5 tí wọ́n fipá mú dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà. Ògiri sìlíńdà ẹ́ńjìnnì yìí kò ní irin nínú: alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ sílíkọ́ọ̀nù ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán an sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí á fi ẹ̀rọ rẹ̀ bà á jẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Písìtìn S2 náà kò ṣeé lò, torí ó ń fún afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po 10.9, turbo sì fẹ́ nǹkan bíi 8. Ẹ gbọ́dọ̀ ra písìtìn tí wọ́n rọ fún un. Bó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì Porsche yìí níbi tí ẹ ń gbé, ẹ dúró sórí chip.

V8

V8 tí wọ́n ń pè ní LS1, tó wà nínú Corvette 1997, jẹ́ lítà 5.7, alumíníọ̀mù ni, ó ní 345 láìsí turbo kankan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ohun tí wọ́n yọ lọ. Ní Amẹ́ríkà, òun ni agbára tó pọ́ọ́kú jù lọ tí èèyàn lè gbé sínú 944. Kò ní ìdúró-de-turbo, epo ilé-epo lásán tó o, mẹkáníìkì káàkiri ló mọ̀ ọ́n. N kò ní purọ́ pé kò dára. Ohun tí mi ò fẹ́ nínú rẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ 944 Turbo mọ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ tà á lẹ́yìn náà á rí i pé owó rẹ̀ kò wọlé padà.

Epo àti òfin níbi tí ẹ ń gbé

Ní Ìlú Ọba, octane (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí epo kò ṣe ń tètè gbiná fúnra rẹ̀) epo tí wọ́n ń pè ní super máa ń wà láàárín 97 sí 99. Òun ni kí ẹ máa rà, kì í ṣe E10 tó ti di epo gbogboogbò láti 2021, torí ethanol inú E10 kì í bá rọ́bà àtijọ́ ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà ara pọ́m̀pù wọn wé ti Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n yàtọ̀, 93 tiwọn sún mọ́ 98 ti Ìlú Ọba. Kalifóníà ni ìṣòro wà, níbi tí 91 ti sábà máa ń jẹ́ èyí tó dára jù. Chip tí wọ́n kọ fún 93 kò yẹ ọkọ̀ tó ń mu 91. Ooru Houston lóṣù keje náà kò jọ ti Manchester. Bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ intercooler, ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ turbo tutù, bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lára boost. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ronú láti gbé irú ọkọ̀ báyìí lọ sí Èkó, kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dá a padà sí 0.75, kí wọ́n wá ṣètò rẹ̀ fún epo tó bá rí rà níbẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 40 lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọkọ̀ àti MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, àwọn 944 Turbo àkọ́kọ́ sì ti ń pé ọjọ́ orí yẹn. Ṣùgbọ́n ti MOT ní àdéhùn: ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ ti yí padà pátápátá láàárín ọdún 30 sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kan náà tí lítà rẹ̀ pọ̀ sí i kò ba èyí jẹ́. Bí iye sìlíńdà bá yàtọ̀, bíi mẹ́rin tó di mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kó bà á jẹ́. Ẹ sọ fún adójútòfò yín pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ chip lásán ni, torí ẹni tí kò sọ lè gbọ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá pé wọn ò ní sanwó. Kalifóníà ṣì ń yẹ èéfín irú ọkọ̀ oníbẹntiróò àtijọ́ báyìí tí wọ́n ṣe láti 1976 wá wò, wọ́n sì máa ń wá nọ́ńbà ìyọ̀ǹda lára ohun tí ẹ fi kún un.

Bó bá jẹ́ Turbo S 1988 tí gbogbo ara rẹ̀ ṣì pé ni ẹ ní, ẹ tún un ṣe, kí ẹ máa gbádùn rẹ̀ bó ṣe wà. Fún èyí tó kù, ẹ kó ohun gbogbo tí wọ́n bá yọ sínú àpótí, ẹ má tà á.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ ẹni tó ṣètò rẹ̀, ẹ béèrè ìwé dyno. Ẹ má wo nọ́ńbà orí òkè nìkan. Ẹ wo ìlà agbára ìfà láti 2,500 lọ, kí ẹ mọ ibi tó ti jí. Ẹ wá wo ìlà ìdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ fún ìwọ̀n epo kan) níbi tí boost ti pọ̀ jù: láàárín 11.5 sí 12 ló yẹ kó wà. Bó bá gun òkè kọjá 12.5 níbẹ̀, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ní kí wọ́n dá ọkọ̀ náà padà sórí ẹ̀rọ.